Èso dídì fún ajá nínú ooru yìí: èwo ni kí n lò, èwo ni kí n yẹra fún?

Ìyá Tiger, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará, ẹ sì kú ooru. Alsatian ni ajá mi, Tiger, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, bí aago méjìlá ọ̀sán bá ti lù ni yóò ti nà gbalaja sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, yóò yọ ahọ́n síta, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Oúnjẹ ọ̀sán kì í wù ú mọ́. Ọmọ mi obìnrin rí fídíò kan tí wọ́n ti ń lọ èso, tí wọ́n ń dì í nínú fírísà fún ajá, ó ní kí a ṣe é. Ó wu èmi náà, ṣùgbọ́n èso ìlú òyìnbó ni wọ́n lò níbẹ̀, owó wọn sì ga lọ́jà wa. Ohun tí mo lè rí rà ni wọ́tàmẹ́lọ̀n, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, máńgòrò àti ọ̀pẹ òyìnbó. Èwo ni ajá lè jẹ nínú wọn? Ṣé kí n fi ṣúgà sí i? Ṣé yìnyín ò ní fa inú rírun fún un? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ kó sọ fún mi.

Adéṣewà, Houston

Ẹ kú ooru, Mummy Tiger. Ní Texas níbí, láti June wọ September, títì máa ń gbóná débi pé ó ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Èso dídì kì í tán nínú fírísà wa lásìkò yẹn.

Gbogbo èso márààrún tí ẹ kà sílẹ̀ ni ajá lè jẹ. Wọ́tàmẹ́lọ̀n ni mo fẹ́ràn jù. Mo máa bó o, mo máa yọ kóró rẹ̀ kúrò, mo máa lọ̀ ọ́ láìbu omi sí i, nítorí nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, bíi 92 ló jẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni màá po yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà díẹ̀ mọ́ ọn, màá dà á sínú abọ́ tí a fi ń ṣe yìnyín, ó di inú fírísà. Bí mo bá fẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu ajá, inú Kong ni mo máa ń rọ ọ́ sí, ìyẹn rọ́bà oníhò tí ajá máa ń jẹ lẹ́nu. Màá fi bọ́tà ẹ̀pà dí ẹnu Kong náà kí n tó gbé e sí fírísà. Bí ajá bá rí i, kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́.

Ṣúgà? Ẹ má fi sí i rárá. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ike bọ́tà ẹ̀pà àti yógọ́ọ̀tì dáadáa. Bí ẹ bá rí xylitol, ìyẹn ohun adùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, tàbí orúkọ rẹ̀ mìíràn, E967 tàbí birch sugar, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè pa á.

Bàbá Ọlọ́dẹ, Ìsẹ́yìn

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ajá ni mo fi ń dẹ̀gbẹ́ láti ìgbà èwe mi, n kò sì rí ọjọ́ tí èso gba ajá lọ́wọ́ ooru. Omi, ibòji àti ilẹ̀ tútù ló ń gbà á. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, màá wọ́n omi síbẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, ajá á sì fúnra rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀. Abọ́ amọ̀ ni mo fi ń bu omi fún wọn, nítorí omi inú rẹ̀ máa ń tutù ju ti inú ike lọ. Òwúrọ̀ kùtùkùtù àti alẹ́ ni mo ń fún wọn lóúnjẹ. Bí ajá kò bá jẹun ọ̀sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò ṣàìsàn, ọgbọ́n orí rẹ̀ ló lò.

Ìyá Tiger, ẹ jẹ́ kí n bi yín: níbo ni Tiger ń sùn? Bó bá jẹ́ ilé ajá onípáànù ni, tí kò sí igi lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fún ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé ní yìnyín. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Olúmọ, Abẹ́òkúta

Kóró máńgòrò ni kí ẹ fojú sí o. Ajá aládùúgbò wa gbé odidi kan mì ní April, ìfun rẹ̀ dí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Ẹran máńgòrò nìkan ni kí ẹ gé, kí ẹ gbé kóró rẹ̀ sọnù síbi tí ajá ò lè dé. Kì í ṣe inú garawa ìdọ̀tí tí ó lè dà nù.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ń ka gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n mú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa ibòji àti omi. Ajá kì í làágùn bíi tiwa; àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni òógùn rẹ̀ ti ń jáde, kò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn gan-an ló fi ń tu ara rẹ̀. Omi tó wà ní ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń gbẹ, ooru ń bá a jáde. Bí omi ara rẹ̀ bá dín, tàbí bí atẹ́gùn ibi tó wà bá gbóná tó sì lọ́rinrin, bíi ti Èkó ní March, ọ̀nà yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Èso dídì wúlò nítorí pé ó ń mú omi wọ ara ajá tí omi lásán kò wù. Kò lè dípò ibòji láéláé.

Lórí èso: wọ́tàmẹ́lọ̀n dára, ẹ yọ kóró àti èèpo líle rẹ̀. Ìbẹ́pẹ dára, ẹ ha gbogbo kóró dúdú inú rẹ̀ dànù. Ọ̀pẹ òyìnbó kò burú, ẹ gé èèpo àti àárín líle rẹ̀ kúrò, kó má sì pọ̀, nítorí ó kan, inú ajá mìíràn kì í gbà á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára, ṣùgbọ́n ó ń mú ara sanra: gíráàmù 100 ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní nǹkan bíi kálórì 89, iye kan náà wọ́tàmẹ́lọ̀n ní 30. Gbogbo ìpápánu ajá lóòjọ́, èso àti bisikíìtì pa pọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Fún Alsatian, ègé yìnyín kéékèèké mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Bó bá jẹ́ ajá kékeré bíi Lhasa, ẹyọ kan.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi kàn án ni àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ. Ó ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, a kò sì lè mọ̀ ṣáájú ajá tí díẹ̀ yóò pa. Ápù dára bí ẹ bá yọ kóró àti àárín rẹ̀.

Nípa yìnyín: ọ̀rọ̀ kan wà káàkiri pé yìnyín máa ń mú ikùn ajá wú títí tí yóò fi kú. Kì í ṣe yìnyín ló ń fà á. Ajá ńlá tó bá gbé ọ̀pọ̀ omi tàbí oúnjẹ mì lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ni ikùn rẹ̀ lè wú kó sì lọ́, ìbáà jẹ́ omi gbígbóná. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ Bàbá lápá kan. Ajá tí ooru ti mú gan-an, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n bíi ẹ̀jẹ̀, tí itọ́ rẹ̀ ń fà, tó ń bì, kì í ṣe ẹni èso dídì. Ìgbóná ara ajá tí ara rẹ̀ dá wà láàárín 38.3 sí 39.2 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti kọjá 40, ẹ dìde. Ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi ẹ̀rọ lásán sí ikùn, abẹ́ apá, itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ tan fáànù sí i, kí ẹ tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì tútù bò ó kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì náà á gbóná, á sì há ooru mọ́ ọn lára. Ẹ má sì fi tipátipá rọ omi sí ẹnu ajá tí kò mọ ibi tó wà.

Kúnlé Caucasian, Ìkòròdú

Ẹ ṣé, Dókítà. Ajá Caucasian méjì ni mo ń sìn, ẹ mọ bí irun wọn ṣe pọ̀ tó. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń di pure water, mo sì ń jù ú fún wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi eyín ya náílọ́ọ̀nù náà, wọ́n á máa fọ́ yìnyín rẹ̀ jẹ. Kò ná mi lówó. Ní February ni mo sì máa ń fá irun wọn kanlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè dé ara wọn. Àwọn tó ní ajá onírun ẹ gbìyànjú rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, Ìlọrin

Kúnlé, jọ̀ọ́, má ju náílọ́ọ̀nù sí ajá mọ́. Bó bá gbé ègé rẹ̀ kan mì, o kò ní mọ̀ títí tí kò fi ní lè yàgbẹ́. Ya náílọ́ọ̀nù náà fúnra rẹ, kí o da yìnyín inú rẹ̀ sínú abọ́. Ohun kan náà ni mo fẹ́ sọ nípa igi tí wọ́n ń kì bọ èso dídì. Ti ọmọ ènìyàn nìyẹn, ajá á jẹ igi yẹn.

Yìnyín líle gbagidi tún máa ń la eyín ajá tó bá fẹ́ràn láti fọ́ ọ. Ìdí nìyí tí tèmi fi jẹ́ pé mo máa ń mú abọ́ náà kúrò ní fírísà kí n tó fọ àwo, kó rọ̀ díẹ̀, kí n fi ṣíbí ha á. Ó máa ń lá a ni, kì í fọ́ ọ.

Àwa níbí ń ṣe omi àjàgbọn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tsámíyá. Ó ń tu ènìyàn lára gan-an. Ṣé ajá lè mu ún, Dókítà?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Rárá, Àbẹ̀kẹ́, inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó fún un. Tartaric acid pọ̀ nínú àjàgbọn, òun náà ló wà nínú àjàrà, òun ni wọ́n sì fura sí pé ó ń pa kíndìnrín ajá. Ẹ jẹ́ kó mọ lọ́dọ̀ ènìyàn.

Kúnlé, irun Caucasian ní ìpele méjì. Ti òkè ń dá oòrùn padà kúrò lára awọ, ti abẹ́ ló ń há ooru mọ́ra. Bí o bá fá a kanlẹ̀, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí jó awọ fúnra rẹ̀, irun náà sì lè má hù padà dọ́gba. Kọ́ọ̀mù ni kí o rà, kí o máa ya irun abẹ́ tó ti kú kúrò. Wàá rí i pé irun tó máa jáde á kún garawa.

Kúnlé Caucasian, Ìkòròdú

Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Màá wá kọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá mi tọ́jú wọn láti kékeré ló ní kí n máa fá a, ara wọn sì máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. N ò tíì gbà tán lórí ìyẹn. Ti náílọ́ọ̀nù, mo ti jáwọ́ lónìí.

Ìyá Tiger, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn: ilé onípáànù ni lóòótọ́, ẹ̀yìn ilé ló wà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló sì ń dojú kọ. Ọkọ mi ti sọ pé òun á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó lókè, kí a sì yí ẹnu rẹ̀ sí ìhà kejì.

Ó ku ohun méjì. Iná wa kì í ṣe déédéé, ó lè wá lóru, kó lọ ní àárọ̀, kó má padà títí di alẹ́. Ṣé nǹkan oníyógọ́ọ̀tì á ṣeé ṣe báyìí? Èkejì, Tiger kì í fẹ́ adùn púpọ̀, omi ẹran ló fẹ́ràn. Ṣé mo lè da omi adìyẹ mọ́ ìbẹ́pẹ?

Ìyá Oníyìnyín, Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ti iná ni màá dáhùn, nítorí yìnyín àti ohun mímu dídì ni mo ń tà. Ẹ má ṣe yógọ́ọ̀tì, ẹ má ṣe mílíìkì, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá yọ́ tó sì tún dì padà, ojú kò ní mọ̀ ọ́n, inú ni yóò mọ̀ ọ́n. Èso àti omi nìkan ni kí ẹ lò.

Ẹ má ṣe é sínú abọ́ ńlá. Abọ́ pẹlẹbẹ tàbí ike kékeré ni, kó má jìn, á dì kíákíá láàárín wákàtí díẹ̀ tí iná fi wà. Ẹ to pure water dídì yí i ká nínú fírísà, kí ẹ kún fírísà náà dáadáa. Fírísà tó kún máa ń di tútù mú ju èyí tó ṣófo lọ. Bí iná bá ti lọ, ẹ má ṣí i. Àwọn ọmọ ló máa ń ṣí i ṣáá, ẹ bá wọn sọ ọ́. Èyí tó bá ti yọ́ tó gbóná, ẹ dà á nù. Ti èso kò tó owó ìtọ́jú ajá.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ra yìnyín ńlá níta, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbé abọ́ omi ajá lé. Ẹ má fọ́ ọ sínú omi tó máa mu. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ń fi omi mímu ṣe yìnyín ńlá, ti ẹja títọ́jú ni àwọn kan ń ṣe.

Adéṣewà, Houston

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oníyìnyín. N ò rò ó dé ibi iná rárá nígbà tí mo ń kọ̀wé. Ẹ yọ yógọ́ọ̀tì kúrò nínú tèmi, Mummy.

Omi adìyẹ dára, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ sè lọ́tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ní iyọ̀, kò gbọ́dọ̀ ní Maggi, kò sì gbọ́dọ̀ ní àlùbọ́sà tàbí aáyù, nítorí méjèèjì máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá. Èyí tí a bu nínú ìkòkò ọbẹ̀ kò ṣeé lò. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ ha ọ̀rá tó bá dì sókè rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi lọ ìbẹ́pẹ. Ajá mi àgbà fẹ́ràn rẹ̀ ju wọ́tàmẹ́lọ̀n lọ.

Dèjì, London

Ọ̀rọ̀ kékeré ni tèmi. Nígbà tí ooru England kọjá 40 ní July 2022, tó dé 40.3 ní Coningsby, a kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé, ọ̀pọ̀ ilé ibí kò ní in. Pug tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ ni mo ní. Ajá bẹ́ẹ̀ kò lè mí tó láti tu ara rẹ̀, imú rẹ̀ ti kúrú jù. Kùkúńbà dídì tí mo gé wẹ́wẹ́ ló gbà wá lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú táìlì ilé ìwẹ̀ àti fáànù. Kùkúńbà kò ní adùn, kò ní ọ̀rá, kálórì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀.

N kò fara mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún gbogbo ajá. Ajá tó ní àìsàn kíndìnrín, tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tó ti sanra jù, kí ẹ bi dókítà rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní èso kankan tó dùn.

Bàbá Ọlọ́dẹ, Ìsẹ́yìn

Kùkúńbà yẹn mo gbà, òun àti omi kò jìnnà síra wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo nǹkan kan fún mi. Ẹ ń pe gbogbo mímí hẹlẹhẹlẹ ní ooru. Tiger kò jẹun, ó ń dùbúlẹ̀. Ẹ ti wo etí rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀? Eégbọn máa ń pọ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ajá tí eégbọn ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Eégbọn máa ń gbé kòkòrò kan sínú ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, a sì ń rí i gan-an ní ilẹ̀ wa. Ìyá Tiger, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè kí ẹ wo èrìgì rẹ̀. Bó bá funfun ràkọ̀ràkọ̀ tàbí ó ní àwọ̀ ìyeyè, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bí ọtí òyìnbó, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná ní òru tí ilẹ̀ tutù, ẹ má dúró de fírísà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí yín, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí òru bá tutù, tí Tiger sì ń jẹun dáadáa lóru, tó ń ṣeré, ooru ni.

Ìyá Tiger, Ìbàdàn

Èrìgì rẹ̀ pọ́n dáadáa bó ṣe máa ń rí, ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì ń jẹun lálẹ́ títí tí yóò fi lá abọ́. Ṣùgbọ́n mo rí eégbọn méjì lẹ́yìn etí rẹ̀ báyìí tí mo wò ó. A óò gbé e lọ ní àárọ̀ ọ̀la.

Fọláṣadé, Èkó

Ẹ dákun, ẹ má tíì ti ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ajá ni tèmi, oṣù mẹ́rin, eyín rẹ̀ ń yọ, ó ń jẹ bàtà gbogbo wa. Ṣé èso dídì lè bá a mu? Omi àgbọn ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Àbẹ̀kẹ́, Ìlọrin

Kárọ́ọ̀tì dídì, Fọláṣadé. Odidi ńlá kan tí kò lè gbé mì, kó máa fi èrìgì rẹ̀ rẹ́ ẹ nígbà tí o bá jókòó tì í. Bó bá ti kù kékeré, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Kárọ́ọ̀tì yẹn dára, jíjókòó tì í sì ṣe pàtàkì. Aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi, tí ẹ lọ́ kí ẹ tó dì í, náà ń tu èrìgì ọmọ ajá lára, bó bá ṣe pé kì í fa òwú aṣọ jẹ. Omi àgbọn díẹ̀ kò burú fún ajá tí ara rẹ̀ dá, ìwọ̀n ṣíbí ìjẹun kan tí ẹ fi omi là fún ọmọ oṣù mẹ́rin. Potassium pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà kó má di ohun ojoojúmọ́, kí ẹ má sì fún èyí tó bá ní àìsàn kíndìnrín. Ẹ fún un ní èso tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó fi òmíràn kún un.